Ọmọ Tí Ó Kọ Ọyàn Kò Pe Ìyá Rẹ̀ Lẹ́jọ́

Ní Ìjẹ̀bú-Òde àti agbègbè rẹ̀, bí obìnrin bá bímọ, ìyá ọkọ tàbí ìyá tirẹ̀ ni yóò wá wẹ ọmọ, tí yóò sì tọ́jú abiyamọ títí ara rẹ̀ yóò fi le. Àṣà rere ni. Abiyamọ tí kò rí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè fi ojú ba oorun ni ó mọ iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ẹjọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ọmọ bá yí ojú kúrò lára ọyàn.

Ìyá ni wọn a kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò: ṣé ó ti bá ọkọ sùn? Ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni pé àtọ̀ a máa ba wàrà jẹ́. Àwọn mìíràn a fún wàrà sórí èèrà. Bí èèrà bá kú, wọn a ní ọyàn náà korò. Ìgbàgbọ́ yìí ní ọgbọ́n tirẹ̀, nítorí ó jẹ́ kí ọmọ kan dàgbà kí èkejì tó dé. Ṣùgbọ́n àtọ̀ kì í dé inú ọyàn, èèrà tí ó sì bọ́ sínú omi lásán lè kú pẹ̀lú. Èèrà kò yẹ ní adájọ́ abiyamọ.

Ohun tí ń mú ọmọ kọ ọyàn kò ṣòro láti wò. Bí ọ̀fìnkìn bá dí i nímú, kò lè mí kí ó sì tún mu ọyàn. Bí èfu bá bo ahọ́n rẹ̀, tàbí etí bá ń dùn ún, fífà ọyàn a di ìnira. Ọyàn tí ó kún jù a máa le, ẹnu ọmọ kò sì ní lè gbá a mú; kí ìyá kọ́kọ́ fún díẹ̀ jáde. Ọmọ tí fídà bá ti mọ́ lára a máa retí kí wàrà ṣàn láìṣe làálàá. Ti ọyàn bá sì ti mọ́ lára, ó lè kọ fídà. Ìyá tí ń lọ tajà ní Òkè-Àjẹ lè fún wàrà sínú ife mímọ́ sílẹ̀ fún un. Òmíràn ti yó ni: omi ní àárọ̀, àgbo lẹ́yìn ìwẹ̀. Níbo ni yóò fi ọyàn sí? Láti ọdún 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gbani níyànjú pé ọyàn nìkan, láìsí omi, ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6.

Rírọ ọmọ ni ó yẹ kí ó kásẹ̀ nílẹ̀. Wọn a tẹ́ ọmọ sórí itan, wọn a ká ọwọ́ bò ó lẹ́nu, wọn a dí i nímú kí ó lè gbé ẹ̀kọ tàbí àgbo mì. Ọmọ tí ń wá èémí lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá ti ibẹ̀ kú, wọn a ní àbíkú ni.

Èyí tí kò gba ìjíròrò sì wà. Ọmọ tí ó mu ọyàn dáadáa ní ọjọ́ 2 àkọ́kọ́, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá di, tí ara rẹ̀ sì ń gan, lè ti kó tẹ́tánọ́ọ̀sì láti ojú ìwọ́ tí a fi abẹ ìdọ̀tí gé. Bí ara ọmọ bá gbóná, tàbí tí ó ń mí tó ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Àkókò tí wọ́n fi ń wádìí ìyá, ẹ̀mí ọmọ ni ó ń gbé lọ.

Kí ìyá ọkọ máa wá o, kí ó sì máa wẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n kí ó wo imú, ahọ́n àti ikùn ọmọ kí ó tó wo ìwà ìyá. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.