Bàbá, Ẹ Má Gba Fóònù Lọ́wọ́ Ọmọ Náà

Lẹ́tà bàbá kan láti Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí.

Bàbá ní ọmọbìnrin òun ti jáde níléèwé girama, máàkì JAMB rẹ̀ kò tó, ó wá ń retí ìdánwò ọdún tó ń bọ̀. Ìmọ̀ ìṣèlú, tí wọ́n ń pè ní Political Science, ló lóun fẹ́ kà. Àmọ́ tàárọ̀ talẹ́, orí fóònù ló wà. Bí wọ́n bá bá a wí, á ní ìwé lòun ń kà. Bàbá wá bi mí pé, “Ṣé ìwé wà nínú fóònù ni? Àbí kí n gba nǹkan náà, kí n mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ?”

Bàbá wa, ẹ fara balẹ̀. Iṣẹ́ aránṣọ dáa, ó sì lè kọ́ ọ mọ́ ìwé. Ṣùgbọ́n ká ní ọmọkùnrin ni, ṣé ẹ ó ní kó fi ìwé sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́? Ẹ má gba fóònù. Ìwé wà nínú rẹ̀ lóòótọ́.

Kéèyàn jókòó sílé kó máa kẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ wa. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba oyè B.Com ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, nílé níbí ló sì ti kà á, kó tó wọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ kọ́ òfin. National Open University, tíjọba dá sílẹ̀ ní 1983, táwọn ológun tì pa ní 1984, tó sì tún padà dé ní 2002, ti kó ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti ìmọ̀ ìṣèlú wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, Yunifásítì Yale ká ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 24 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Steven Smith ṣe ní 2006 sílẹ̀, láti orí Plato dé orí Tocqueville. Owó dátà nìkan lọmọ yín máa san.

Ìwọ ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kàn ọ́ báyìí. Wíwo fídíò nìkan kọ́ là ń pè ní ìwé kíkà. Ẹni tó ń wò ó láìmú bírò dání, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọnmi. Mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, parí rẹ̀ kó o tó bọ́ sórí òmíràn. Má sì gbàgbé pé JAMB ló ni ilẹ̀kùn; ìwé-ẹ̀rí orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ṣí i fún ọ. Government tàbí History gbọ́dọ̀ wà lára iṣẹ́ tó o máa ṣe. Fi àárọ̀ ka ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, kó o fi alẹ́ gbọ́ Plato. Bẹ́nì kan bá ní kó o san owó kí òun fi ìwé-ẹ̀rí ta ọ́ lọ́rẹ, sá fún un.

Lẹ́yìn èyí, wo àyíká rẹ. Ìdìbò gómìnà Èkìtì ní 2007 dá wàhálà sílẹ̀, kóòtù ní kí wọ́n tún un dì láwọn apá ibì kan. Ṣẹ́gun Òní ọmọ Ìfàkì àti Káyọ̀dé Fáyẹmí ọmọ Ìsàn ló dojú kọra, ọmọ agbègbè yín làwọn méjèèjì. Wọ́n dì í ní April 25, 2009, èsì ìbò Ìdó-Òsì ló wá dìjà. Kọmíṣọ́nnà ìdìbò kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kéde Òní, àmọ́ ní October 15, 2010, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìlọrin ní Fáyẹmí ló wọlé. Plato ń bi ọ́ pé ta ló yẹ kó ṣèjọba. Ìdó-Òsì ń bi ọ́ pé ta ló ń ka ìbò, ta ló sì lè yẹ èsì rẹ̀ wò. Bi àwọn àgbà tó ṣojú wọn, kó o kọ ọ́ sílẹ̀. Bó o bá dé kíláàsì, wàá lóhun tí wàá sọ.

Bàbá, ẹ kọ ọ́ pé ọmọ á máa tilé lọ sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀, torí ó wà ní Ìkọ̀lé. Yunifásítì náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, kì í ṣe Ìkọ̀lé nìkan ló wà. Ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ yín. Ọ̀yẹ́ ni ti ìmọ̀ ìṣèlú. Ẹ yáa máa tọ́jú owó ilé tàbí owó ọkọ̀.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Lálẹ́ Sátidé, bẹ́ ẹ bá jẹun tán, ẹ pè é jókòó. Ẹ ní kó fi èdè Èkìtì ṣàlàyé ohun tó kọ́ lọ́sẹ̀ náà títí tó fi máa yé yín. Bó bá yé yín, ẹ ra dátà fún un. Bó bá ń kólòlò lọ́sẹ̀ mẹ́rin léra wọn, ìgbà yẹn lẹ tó lè sọ̀rọ̀ aránṣọ.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.