Ọ̀rá tí kòkòrò àìfojúrí ń ṣe: iná àti owó ló dá a dúró, kì í ṣe ìmọ̀

Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de ike tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n á sọ nù: straw, ife àti ṣíbí oníke, pẹ̀lú ọ̀rá tí kò nípọn tó 40 micron. Abọ́ fóòmù tí wọ́n ń bu oúnjẹ takeaway sí ni wọ́n ti kọ́kọ́ kéde pé àwọn dè ní oṣù kìíní ọdún 2024.

Òfin Èkó kò dé Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n níbẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá kọjá níwájú LAUTECH ní ìrọ̀lẹ́ mọ bó ṣe ń lọ: ìrẹsì ń wọ abọ́ fóòmù, ẹ̀wà ń wọ ọ̀rá, pure water ń wọ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, gọ́tà ló sì ń gba gbogbo rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá dé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́la, kí ni ìyá olóúnjẹ yóò fi di oúnjẹ fún oníbàárà?

Ìdáhùn kan wà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1926 ni Maurice Lemoigne, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé ohun kan tó rí nínú ara kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ Bacillus megaterium. Ike ni, kòkòrò yẹn fúnra rẹ̀ ló sì ṣe é. Bí èèyàn ṣe ń sanra nígbà tí oúnjẹ bá pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò náà ṣe ń kó ike pamọ́ sínú ara. Bí ebi bá dé, á máa jẹ ẹ́ padà. Nítorí náà ni àwọn kòkòrò mìíràn tó wà nínú ilẹ̀ àti nínú omi ṣe lè jẹ ẹ́ tán. PHA ni wọ́n ń pe ìdílé ike yìí, PHB ló sì wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀rá lásán tí wọ́n po kẹ́míkà mọ́ kó lè tètè fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìyẹn kàn ń sọ ìdọ̀tí ńlá di kékeré ni.

Kí ló wá dé tí kò tíì dé ọjà? Nínú ìgò kékeré ní yàrá ìwádìí, kò sí wàhálà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe project lè yọ kòkòrò tó ń ṣe PHB nínú iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, kó sì rí gíráàmù díẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Inú táńkì ńlá tí wọ́n ń pè ní bioreactor ni iṣẹ́ ti ń di iṣẹ́.

Ìpele méjì ni. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á fún kòkòrò ní gbogbo ohun tó nílò kó lè pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jẹ́ kí náítírójìn tán, wọ́n á sì máa rọ ṣúgà sí i díẹ̀díẹ̀. Kòkòrò kò ní lè bí sí i mọ́, á wá máa fi ṣúgà ṣe ike. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, á ni kòkòrò lára. Bó bá tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ike tó ti kó jọ. Ní 1994, àwọn oníwádìí ní Gúúsù Kòríà tó ń ṣọ́ ìwọ̀n ṣúgà yìí lójú méjèèjì rí 121 gíráàmù PHB nínú lítà kan láàárín nǹkan bíi wákàtí 50. Ike ló kó bíi 76 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n kòkòrò wọn.

Wákàtí 50! Ará Ògbómọ̀ṣọ́ á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Nígbà tí kòkòrò bá ti ki nínú táńkì, ọ́síjìn inú omi kì í pẹ́ tán rárá. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, èyí tó ń rò ó, àti omi tó ń mú un tutù, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ dúró. Bí NEPA bá mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè dìde, iṣẹ́ ọjọ́ méjì lè bàjẹ́. Bí iná bá sì wà, ta ni yóò san owó rẹ̀? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn oníbàárà Band A fò láti nǹkan bíi 68 náírà sí 225 náírà fún yúníìtì kan.

Owó oúnjẹ kòkòrò tún wà níbẹ̀. Ó tó nǹkan bíi kílò mẹ́ta ṣúgà kí kílò PHB kan tó jáde. Ìyẹn ló ń da àwọn ńláńlá láàmú. Ilé-iṣẹ́ ICI ti ìlú Òyìnbó ṣe ike yìí tà, wọ́n tilẹ̀ fi ṣe ìgò ọṣẹ ìfọrun ní Jámánì ní 1990. Ó bọ́ sọ́wọ́ Monsanto ní 1996, àwọn náà sì pa á tì kó tó pẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Danimer Scientific ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan lára àwọn tó lórúkọ jù nínú iṣẹ́ yìí, lọ sí kóòtù láti kéde pé gbèsè ti bo àwọn mọ́lẹ̀.

Ibí yìí ni Ògbómọ̀ṣọ́ ti ní ohun tí wọn kò ní. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé, èèpo rẹ̀ sì ń jọ gegere níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Sítáàṣì wà nínú èèpo yẹn, wọ́n sì lè sọ ọ́ di ṣúgà. Kajú náà ń bẹ: kóró ni oníṣòwò ń rà, èso tó kún fún omi dídùn ń jẹrà lábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n kajú ní ìgbà tirẹ̀, táńkì kì í sì í sinmi nígbà òjò, nítorí náà èèpo ẹ̀gẹ́ ló ṣeé gbára lé jù. (Àwọn tó ń sin ewúrẹ́ lè má fi ara mọ́ ọn o.) Lílo ohun ìdànù kò ṣàjèjì ní LAUTECH pàápàá: ẹgbẹ́ oníwádìí nanotechnology tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef wà nínú rẹ̀ ti fi èèpo kòkó àti ti obì ṣe iṣẹ́ ìwádìí tí ayé kà.

Ní Ṣáínà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Guo-Qiang Chen àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Tsinghua ń lo Halomonas, kòkòrò tó fẹ́ràn omi iyọ̀. Omi náà le débi pé kòkòrò mìíràn kò lè yọjú níbẹ̀, wọn kò sì nílò láti máa fi oru gbígbóná se gbogbo táńkì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí bá ibi tí epo ti wọ́n mu ju ọ̀nà àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n Halomonas náà ń mí, kò bọ́ lọ́wọ́ iná.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni táńkì ìdánwò kan, bíi 500 lítà, pẹ̀lú sólà àti bátìrì tí kò ní jẹ́ kí atẹ́gùn dúró, níbi tí wọ́n á ti mọ iye tí kílò kan ń náni ní náírà. Láìsí iye yẹn, olóṣèlú tó bá fẹ́ gbé òfin Èkó wá sí Ọ̀yọ́ ń sọ fún ìyá olóúnjẹ pé kó ra ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi owó lé.