Kí A Tó Pe Ọmọ Ọlọ́mọ Ní Olè RAM

Ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu gbogbo wa lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ sọ sí. Ẹ ò tíì gbàgbé pé ẹnìkan rí i lórí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìwé wa pé RAM rẹ̀ jẹ́ 4.00 GB, àmọ́ 3.44 GB péré ló ṣeé lò. Kíá, ariwo ti sọ: "Wọ́n ti jí RAM!" Ọmọ JSS 2 kan tó máa ń gbá yàrá náà ni wọ́n nawọ́ sí. Ọmọ náà ò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ yẹn, ẹkún ló ń sun.

Lójú tèmi, ohun tí a ṣe ò dáa rárá. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Àwa ò tiẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan ká tó dá a.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Ṣé RAM jẹ́ iṣu tí olè máa gé díẹ̀ lára rẹ̀, tó máa fi ìyókù sílẹ̀ ni? Bó bá yọ ọ́, odindi ló máa gbé lọ, ẹ̀rọ náà ò sì ní sọ pé òun ní 4.00 GB mọ́. Èmi àti olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa wọ inú BIOS ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, a sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yà tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà yẹn ò ní RAM tirẹ̀. Ara RAM gbogbogbòò ló ti ń bù lò. Tí a bá tan ẹ̀rọ, kí Windows tàbí Linux tó jí, BIOS ti ya 512 MB sọ́tọ̀ fún un, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́jọ. Díẹ̀ tó kù, àwọn ẹ̀yà mìíràn nínú ẹ̀rọ ló gbà á.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé "stolen memory", RAM tí wọ́n jí, ni àwọn Intel fúnra wọn ń pe irú RAM bẹ́ẹ̀!

Linux tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland lọ́dún 1991, gbogbo ayé ló lè ka kóòdù rẹ̀. Nínú rẹ̀, driver kan wà tó ń darí àwòrán Intel, i915 lorúkọ rẹ̀. Ìwà driver yìí wù mí. Kì í méfò. Ó máa lọ bá chip fúnra rẹ̀, á ka register tó ń sọ iye RAM tí BIOS yà sọ́tọ̀ àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, á tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan mìíràn ti ń lo ibẹ̀. Bó bá rí ìjà níbẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì fi RAM náà sílẹ̀ láìlò. Bí driver lásán bá lè wádìí tó báyìí, kí ló ṣe àwa tí a ní ọpọlọ?

Àwọn kan á ní wọ́n máa ń jí RAM lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ ká máa ṣọ́ra. Àmọ́ ìṣọ́ra yàtọ̀ sí ẹ̀sùn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká ṣe nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ká lẹ iye RAM àti iye tí BIOS yà sọ́tọ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ìkejì, BIOS àwọn ẹ̀rọ kan gbà kí a dín in kù. Àwòrán kan lójú kọ̀ǹpútà 1366 × 768 ò gbà ju nǹkan bí 4 MB lọ. Fídíò máa ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ fún títẹ ìwé lásán, 512 MB ti pọ̀ jù. Kí olùkọ́ wa nìkan fọwọ́ kan BIOS o, ẹ jọ̀ọ́. Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù: orí asẹ́ńbílì ni wọ́n ti pe ọmọ yẹn lólè, orí asẹ́ńbílì náà ni kí wọ́n ti bẹ̀ ẹ́. RAM wà níbi tó wà. Orúkọ rere ọmọ ọlọ́mọ ló kù ká dá padà.