Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bá Ń Tajà, Kí Ló Burú Níbẹ̀?

Ẹ rántí pé ní ìpàdé wa tó kọjá, a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan: pé kò yẹ kí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ ìmọ̀ rẹ̀ di ọjà. Àwọn tó ní kò yẹ ló borí, àtẹ́wọ́ sì pọ̀. Èmi ni mo ń wo aago lọ́jọ́ náà, ẹni tó ń wo aago kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ló wà lọ́fun mi títí di alẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ olóòtú wa pé kó yọ̀ǹda ojú ìwé fún mi.

Gbólóhùn tó gba àtẹ́wọ́ jù lọ ni pé ìmọ̀ dà bí omi odò, kò sí ẹni tó ń ta omi odò. Ó dùn létí, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: ṣebí gbogbo àwa tí à ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì yìí la mọ iye tí à ń ra omi inú ọ̀rá nígbà tí ẹ̀rọ omi bá dákẹ́? Odò kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá wa rí. Ẹnì kan ló fà á, tó sẹ́ ẹ, tó dì í, tó fi ọkọ̀ gbé e wá. Bí ẹni yẹn bá jókòó sílé, òùngbẹ ni yóò pa wá, bí odò náà tilẹ̀ kún dé etí.

Jẹjẹrẹ ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Àjọ IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn yìí, ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2022, ó lé ní 127,000 ènìyàn tí jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà, àti pé ó lé ní 79,000 tó bá a lọ. Ti ọyàn ló pọ̀ jù. Àbúrò màmá mi wà nínú àwọn tí ó mú. Kí wọ́n tó mọ ohun tó jẹ́, kókó náà ti tó ẹyin adìyẹ. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ, wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn bàjẹ́, a lọ a bọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba oògùn kẹmó, irun wọn re, èékánná wọn dúdú, wọn ò lè gbé omi mì. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé oògùn náà kò mọ olè yàtọ̀ sí onílé, pé gbogbo ohun tó bá ń dàgbà kíákíá nínú ara ló máa ń lù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àǹtí mi wà láàyè, wọ́n ti padà sídìí ẹja gbígbẹ wọn ní Nyanya. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé, ṣé kò sí oògùn tó lè bi ènìyàn pé "ìwọ ta ni?" kó tó lù ú?

Ó wà. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ nánò ti wọlé. Ẹ gé mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà kan. Fọ́nrán irun orí kan ṣoṣo nípọn tó nǹkan bí 80,000 sí 100,000 nánómítà. Ohun tó bá kéré tó báyìí lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ibi tí abẹ́ dókítà kò lè dé, a sì lè di ẹrù lé e lórí.

Kò sì di dandan kí a lọ sí Amẹ́ríkà kí a tó rí àwọn tó ń ṣe é. Ẹ gba ọ̀nà Lokoja jáde láti Abuja níbí, ẹ kọjá Gwagwalada, ẹ ó dé Sheda ní agbègbè Kwali. Ọgbà ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní SHESTCO wà níbẹ̀. Ní Galadimawa, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, ni yunifásítì AUST wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soboyejo, tó kọ́ni ní Princeton fún ọdún púpọ̀ nígbà kan, ló ṣe olórí AUST láti 2012 sí 2014. Òun àti Dókítà Odusanya ti Sheda pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2015 tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Wọ́n lo bakitéríà kan tó máa ń fi irin ṣe èérún kéékèèké sínú ara rẹ̀. Wọ́n gba èérún irin yìí, wọ́n so họ́mọ́ọ̀nù kan tó ń jẹ́ LHRH mọ́ ọn. Ìdí tí wọ́n fi yàn án ni pé ojú ara ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn kún fún ibi tí họ́mọ́ọ̀nù náà máa ń lẹ̀ mọ́. Bí àrokò gan-an ló rí: ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ló mọ̀ ọ́n tú. Bí èérún irin náà bá kó jọ síbi tí jẹjẹrẹ wà, ẹ̀rọ MRI lè rí i, nítorí mágínẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rọ náà fi ń ríran. Ní 2017, wọ́n tún kọ̀wé lórí oògùn pupa kan tó ń jẹ́ prodigiosin, èyí tí bakitéríà mìíràn ń ṣe. Wọ́n dì í sínú bọ́ọ̀lù wínníwínní tí wọ́n fi chitosan ṣe, ohun tí à ń rí lára èèpo edé àti akàn. Ẹ ò rí i pé oúnjẹ ọbẹ̀ ti di ọkọ̀ tí oògùn ń wọ̀!

Ṣùgbọ́n inú ìwé ni gbogbo èyí wà. Ìwé kì í wo aláìsàn. Kí oògùn tó dé ọ̀dọ̀ àǹtí mi, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe é lọ́pọ̀, kó dán an wò lára ẹranko, kó dán an wò lára ènìyàn ní ìpele ìpele, kó sanwó fún àwọn nọ́ọ̀sì, kó kó ìwé lọ bá NAFDAC. Ta ni yóò san owó yẹn? Àwọn alátakò mi ní ìjọba ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún ara wa.

Ẹ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ṣe é. Yunifásítì Hébérù ní Jerúsálẹ́mù ti dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti 1964, Yissum ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wá oníbàárà fún ìmọ̀ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yechezkel Barenholz àti dókítà Alberto Gabizon ṣàwárí níbẹ̀ bí a ṣe lè di oògùn jẹjẹrẹ kan sínú ọ̀rá tíńtín kó má baà ba ọkàn aláìsàn jẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Yissum gbé e fún ilé-iṣẹ́ kan ní California, wọ́n jọ ṣe é. Ní 1995 ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Doxil ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni oògùn nánò àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀. Dókítà Patrick Soon-Shiong, tí wọ́n bí ní Gúúsù Áfíríkà, ṣe tirẹ̀ tó ń jẹ́ Abraxane, wọ́n fọwọ́ sí i ní 2005. Nígbà tí wọ́n ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní 2010, iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Mo ka òdo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Nàìjíríà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Samuel Achilefu: ó ṣe awò ojú kan ní yunifásítì Washington ní St. Louis tí dókítà máa ń dé bó bá ń ṣiṣẹ́ abẹ, tí jẹjẹrẹ yóò sì máa tàn yòò lójú rẹ̀. Wọ́n ti lò ó fún aláìsàn láti 2014. Òun náà dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ láti gbé irú iṣẹ́ yìí dọ́jà.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: pé irú oògùn báwọ̀nyí wọ́n bí ojú, pé tálákà kò lè rà á. Òótọ́ ni, n kò jiyàn. Kódà, ẹ ní àpẹẹrẹ tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ ìjiyàn náà, ẹ ò sì lò ó. Ẹ jẹ́ kí n bá yín lò ó.

Bàbá kan wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ẹni Ọ̀wọ̀ Ogunyale, tó ń fi egbòogi tọ́jú àwọn tó ní àrùn fọ̀níkúfọ̀larùn, èyí tí a ń pè ní síkùsẹ́ẹ̀lì. Ìyèré, osùn, kànáfùrù àti pòròpórò ọkà bàbà wà nínú àgbo náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó fi ìmọ̀ yìí lé NIPRD lọ́wọ́, ilé ìwádìí oògùn tó wà ní Idu, Abuja níbí. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó ṣiṣẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní Niprisan, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1998. Ní 2002, wọ́n gbé e fún ilé-iṣẹ́ Xechem láti New Jersey. Xechem kọ́ ibi tí wọn yóò ti máa ṣe é sí Sheda, Sheda kan náà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Oògùn náà bọ́ sọ́jà ní 2006, Nicosan ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ọdún 2008 fi máa parí, Xechem ti wọ gbèsè, ó wà ní kóòtù. Oògùn wọ́n lọ́jà. Ẹni tó ti ń lò ó, tí ìrora egungun rẹ̀ ti ń rọlẹ̀, ó padà sí ìdí ìrora rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè rí ìtàn yìí kó ní "ẹ ò rí i, òwò ló bà á jẹ́." Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ilé kan ṣoṣo la gbé gbogbo ẹyin sí, ilé náà jóná, a ò sì ní àgbébọ̀ mìíràn lẹ́yìnkùlé. Bí ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta bá ní àṣẹ láti ṣe é, tí ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ ilẹ̀ yìí, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí ẹnikẹ́ni bá wọ gbèsè, kí àṣẹ padà sílé kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìyàtọ̀ ì bá wà. Ohun tí ó yẹ ká máa jiyàn lé lórí nìyẹn: irú àdéhùn wo? Ta ló ń kọ ọ́? Ṣé ìpín bàbá tó ni àgbo wà nínú rẹ̀? Ṣé iye tí a ó tà á fún ìyá ẹlẹ́ja ní Nyanya wà nínú rẹ̀? Ọ́fíìsì NOTAP wà ní Abuja yìí, wọ́n sì ti ṣí ẹ̀ka sí àwọn yunifásítì láti máa tọ́jú ẹ̀tọ́ lórí àwárí. Ó dára, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹ̀ka náà nílò ẹni tó gbọ́n ọjà, tó lè ná nǹkan bí ìyálọ́jà ṣe ń ná an. Ìwé àṣẹ tí a fi há àpótí kò sàn ju èyí tí a ò gbà lọ.

Mo tún fẹ́ dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ kí inú àwọn ará ibẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ wa lè dùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní LAUTECH ti lo èèpo kòkó, èèpo obì, títí kan ilé aláǹtakùn, láti ṣe èérún fàdákà nánò. Wọ́n fi èyí tí wọ́n ṣe láti ara èèpo obì sínú ọ̀dà, kòkòrò àìfojúrí kò sì lè hù nínú ọ̀dà náà. Ọ̀dà kì í ṣe oògùn jẹjẹrẹ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kò ní láti dúró de ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó dán an wò lára ènìyàn. Bí mo bá ní owó, ọ̀dà yẹn ni mo máa kọ́kọ́ tà, kí n fi èrè rẹ̀ gbọ́ bùkátà ìwádìí oògùn. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn: èrè ata ni wọ́n fi ń dá owó aṣọ.

Ó ku ohun kan. Mo gbọ́ pé Òkè Zuma ni a tún fẹ́ lọ fún ìrìn-àjò afẹ́ ẹgbẹ́ wa ní táàmù yìí. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo dọ̀bálẹ̀, Zuma kò ní sá lọ. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Sheda. Kí á kọ lẹ́tà sí wọn ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí á béèrè pé kí wọ́n fi bakitéríà tó ń ṣe irin hàn wá, kí wọ́n sì mú wa dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe Nicosan nígbà kan. Ẹni tó bá tako ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jẹ́ ká jọ wọ ọkọ̀ kan náà. Èmi kọ́ ni màá wo aago lọ́jọ́ náà.