Ta Ló Dìbò Yan Aṣojú Akẹ́kọ̀ọ́?

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Ìgbìmọ̀ Sẹ́nétì Yunifásítì Èkó jókòó ní Akọka láti yan Gíwá fìdíhẹ. Ilé ti dàrú kí ọjọ́ náà tó pé. Lọ́jọ́ 12 oṣù yẹn, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ tí Wálé Babalákin jẹ́ alága rẹ̀ ṣèpàdé ní Àbújá, wọ́n sì kéde pé àwọn ti yọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwatóyìn Ògúndípẹ̀ nípò Gíwá. Wọ́n fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọmọ́lolú Ṣóyọmbọ̀ rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n Sẹ́nétì fárígá pé àwọn kò gbà. Ààrẹ Muhammadu Buhari, ẹni tí òfin fi ṣe Olùbẹ̀wò yunifásítì náà, dá sí i: kí alága àti Gíwá yẹ̀bá ná, kí Sẹ́nétì fúnra wọn yan ẹni tí yóò di ipò mú. Wọ́n dìbò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fọláṣadé Ògúnṣọlá ní ìbò 135, ẹni tó bá a dupò ní 31. Kò sẹ́ni tó tún béèrè pé ta ló fi í síbẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Ààrẹ gbé kalẹ̀ parí iṣẹ́, Ògúndípẹ̀ padà sípò ní oṣù Kọkànlá, nígbà tó sì di 2022, Ògúnṣọlá di Gíwá gan-an, obìnrin àkọ́kọ́ tó débẹ̀ ní Akọka.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló yin ìdìbò ọjọ́ náà, èmi náà yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà. Ilé ni wọ́n wà. Àrùn kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti ká wọn mọ́ ọ̀dọ̀ òbí wọn. Orí rédíò àti fóònù ni wọ́n ti ń gbọ́ ìjà àwọn àgbà lórí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń sanwó sí. Ká tilẹ̀ ní wọ́n wà nínú ọgbà, kò sí àga wọn nínú Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ tó yọ Gíwá, kò sì sí ìbò wọn nínú Sẹ́nétì tó yan òmíràn.

Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí òfin ṣe tò ó nìyẹn. Òfin òmìnira yunifásítì tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí ní 2003 ṣètò àwọn tí yóò wà nínú Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Alága wà níbẹ̀, Gíwá àti àwọn igbákejì rẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ rán ẹnì kan, ìjọba yan ẹni mẹ́rin. Sẹ́nétì yan mẹ́rin láàárín ara wọn. Àpéjọ gbogbo olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ tó gboyè, tí wọ́n ń pè ní Congregation, yan méjì. Àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde pàápàá ní ẹnì kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì wà lórí àga ìkàwé lónìí kò ní ẹnì kankan. Ẹni tó ti jáde ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ní ẹnu níbẹ̀, ẹni tó ń tò fún omi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ yìí kò ní.

Òfin kan náà rántí wọn níbòmíràn ṣá o, ó sì yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní kí aṣojú wọn wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìgbáyégbádùn akẹ́kọ̀ọ́ àti nínú àwọn ìgbìmọ̀ yòókù tí ọ̀rọ̀ wọn bá kàn. Ó ní kí wọ́n lọ́wọ́ sí ètò ohun tí wọ́n ń kọ́. Ó tún ní kí wọ́n bá wọn ṣe àyẹ̀wò bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni. Ohun ńlá nìwọ̀nyí. Àwọn aṣòfin tó kọ ọ́ mọ̀ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé òfin ní kí aṣojú wà níbẹ̀, kò sọ ẹni tí yóò yàn án. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ọ̀nà tó wà nílẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò fi ènìyàn ránṣẹ́. Ó dára bí ẹgbẹ́ bá wà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni ẹ̀mí ẹgbẹ́ wà? Ní 1989, ìjọba ológun Ibrahim Babangida gbé Òfin 47 jáde, ó ní kì í ṣe dandan mọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ó sì fún àwọn aláṣẹ lágbára láti fòfin de ẹgbẹ́ náà. Ìjọba ológun lọ ní 1999, òfin wọn kò bá wọn lọ. Ó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa tí wọ́n tò jọ ní 2004. Ní oṣù Kẹrin 2016, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Akọka fẹ̀hónú hàn nítorí iná àti omi, àwọn aláṣẹ ti ẹgbẹ́ wọn pa, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2017 ó kan Yunifásítì Ìbàdàn: ọ̀rọ̀ káàdì ìdánimọ̀ wà lára ohun tó dá wàhálà sílẹ̀, ẹgbẹ́ lọ fún ìsinmi tipátipá títí di 2019. Ọmọ tó wọ Akọka lọ́dún tí wọ́n ti ẹgbẹ́ yẹn pa lè kàwé gboyè kó sì lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láìfọwọ́ kan ìwé ìdìbò kankan nínú ọgbà.

Nígbà tí kò bá sí ẹgbẹ́, ta ni yóò wá jókòó nínú ìgbìmọ̀ lórúkọ akẹ́kọ̀ọ́? Yálà kí àga ṣófo, tàbí kí àwọn aláṣẹ fúnra wọn wá ọmọ jẹ́jẹ́ kan tí kì í bá wọn jiyàn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ bi léèrè ọ̀rọ̀ ló ń yan ẹni tí yóò bi í. Mi ò mọ orúkọ tí a lè pe irú èyí, ṣùgbọ́n ìṣojú kọ́.

Ìtàn fi hàn wá ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 1971, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní gbọ̀ngàn Nnamdi Azikiwe ló bẹ̀rẹ̀ ìfẹ̀hónúhàn ní Yunifásítì Ìbàdàn. Oúnjẹ! Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì àti olùkọ́ mẹ́ta lè jókòó ti tábìlì yanjú láàárín wákàtí kan. Àwọn ọlọ́pàá wọlé, ìbọn dún, Kúnlé Adépéjù kú. Orúkọ rẹ̀ wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn títí dòní. Ní oṣù Kẹrin 1978, ìjọba gbé owó oúnjẹ òòjọ́ kúrò ní 50 kọ́bọ̀ lọ sí náírà kan ààbọ̀, gbogbo ilẹ̀ yìí gbóná, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n lé Ṣẹ́gun Òkéowó tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lápapọ̀ kúrò ní yunifásítì, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ náà.

Ìyẹn jìnnà, ẹ jẹ́ kí n mú un sún mọ́ ilé. Ní oṣù Keje 2023, Yunifásítì Èkó kéde owó tuntun. Ẹni tó ń san 19,000 náírà tẹ́lẹ̀ bá ara rẹ̀ ní ohun tó lé ní 100,000. Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọmọ jáde síta, ọlọ́pàá yin tajútajú sí wọn, wọ́n kó lára wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá pe àwọn aṣáájú akẹ́kọ̀ọ́ sí ìjókòó, wọ́n sì yọ díẹ̀ kúrò lára owó náà. Ìjókòó tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tajútajú yìí, kí ló dé tí wọn kò ṣe é kí wọ́n tó tẹ iye owó jáde? Bí aṣojú méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ dìbò yàn bá wà níbi tí wọ́n ti ń ṣírò owó iná àti owó omi, wọn ì bá ti mọ iye tí apá àwọn ọmọ ká. Ó ṣeé ṣe kí owó ṣì gòkè, nítorí epo dísù ti gbówó lórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ì bá ti gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

Àwọn olùkọ́ kan máa ń sọ fún mi pé àlejò ni akẹ́kọ̀ọ́, ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò lò. Ọdún mẹ́rin náà ni Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ ń lò, kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní àlejò. Wọ́n tún ní kò ní lè pa àṣírí mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ìdánwò tàbí ìgbéga olùkọ́ bá délẹ̀, kí aṣojú náà bọ́ síta, kí ó padà wọlé nígbà tí wọ́n bá parí rẹ̀, kò le. Èyí tí mo kà sí jù nínú àwíjàre wọn ni ti owó òṣèlú. Òótọ́ ni pé àwọn olóṣèlú ìta máa ń náwó sí ìdìbò akẹ́kọ̀ọ́, òótọ́ sì ni pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ti ba ọ̀pọ̀ ọgbà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ìdìbò yìí dá dúró, kí ó má jẹ́ ara ìdìbò ààrẹ ẹgbẹ́. Ẹni tó ń díje fún àga nínú ìgbìmọ̀ ìgbáyégbádùn kò ní owó ẹgbẹ́ tí yóò ná, kò ní mọ́tò tí yóò gùn. Bí olóṣèlú bá tilẹ̀ rà á, kí ni yóò rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Àwọn orílẹ̀-èdè tí a jọ wà ní Áfíríkà ti ṣe é. Ní Yunifásítì Gánà tó wà ní Legon, aṣojú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti aṣojú àwọn tó ń kàwé gba oyè kejì wà nínú Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ pẹ̀lú àwọn àgbà. Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin ètò ẹ̀kọ́ gíga tọdún 1997 fi àga akẹ́kọ̀ọ́ sínú ìgbìmọ̀ gbogbo yunifásítì ìjọba. Legon kò wó. Cape Town kò wó.

Àwọn olùkọ́ pẹ̀lú ní èyí tí wọ́n máa dáhùn. Sẹ́nétì rán ẹni mẹ́rin, Congregation rán ẹni méjì, wọ́n dìbò tán, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó parí. Nígbà wo ni àwọn mẹ́fà yìí máa ń padà wá sọ bí wọ́n ṣe dìbò lórí owó, lórí Gíwá, lórí ilẹ̀ yunifásítì? Bí wọ́n bá bi wọ́n, wọ́n á ní àṣírí ìgbìmọ̀ ni. Mo mọ̀ pé àṣírí wà tó yẹ kí a pa mọ́, bíi ti olùkọ́ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn tí a kò tíì dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí a rán sọ́jà tó bọ̀ tí kò jíṣẹ́, ẹ kò ní rán an lẹ́ẹ̀kejì. Kí wọ́n kọ ojú ìwé kan péré lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan: ohun tí a jíròrò, ohun tí a fẹnu kò sí, ibi tí mo fi ìbò mi sí.

Iṣẹ́ àwọn aṣòfin ní Àbújá ni láti fi àga akẹ́kọ̀ọ́ méjì sínú Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ, kí wọ́n sì kọ ọ́ gedegbe pé ìdìbò láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò gbé wọn débẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹgbẹ́ wà tàbí wọ́n tì í pa. Àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ wa, ní Òjó, Àgọ́-Ìwòyè, Adó-Èkìtì, Òṣogbo, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Àkùngbá, ní òfin tiwọn. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lè tún un ṣe láìdúró de Àbújá. Ṣùgbọ́n ti àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké tó wà lábẹ́ Sẹ́nétì, bí ilé ìkàwé, họ́sítẹ́ẹ̀lì, ilé ìwòsàn àti oúnjẹ, kò dúró de òfin tuntun kankan. Òfin 2003 ti fàyè gbà á. Sẹ́nétì yòówù tó bá fẹ́ lè dá ọjọ́ ìdìbò ní sáà yìí, kí wọ́n ṣe é lórí fóònù bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe, kí wọ́n ka ìbò níṣojú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan.