Bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ bèèrè

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lọ kí ọmọ wọn nílùú ọba la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ilé ọmọ ẹlòmíì lọ́hùn-ún kò ju yàrá kan lọ, òtẹ́ẹ̀lì sì wọ́n. Ìdí nìyẹn táwọn òbí mìíràn fi ń sùn sí họ́sítẹ̀lì, níbi tí èèyàn mẹ́rin tàbí mẹ́jọ ti ń sùn sínú yàrá kan, tí wọ́n sì jọ ń lo balùwẹ̀. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Lóòótọ́, torí àwọn ọ̀dọ́ ni tíṣà ará Jámánì kan, Richard Schirrmann, ṣe ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ sínú ilé olódi àtijọ́ kan nílùú Altena lọ́dún 1912. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 1930. Àmọ́ lónìí, púpọ̀ nínú wọn ló ń gba àgbàlagbà. Àwọn kan wà tí kì í gba ẹni tọ́jọ́ orí rẹ̀ bá ti ju iye kan lọ, nítorí náà, kí ọmọ yín bèèrè kó tó sanwó.

Bẹ́ẹ̀dì wọn ló ń bà mí lẹ́rù. Bọ́ǹkì ni, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mo tọ́jú ìyá kan tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún nígbà tó dé láti ìrìn àjò. Òkè ni wọ́n fún un, ojú sì ń tì í láti sọ fáwọn ọmọdé tí wọ́n jọ wà ní yàrá pé òun kò lè gùn ún. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń mú kéèyàn tọ̀ léraléra ló ń lò, alẹ́ ló sì lò ó. Nígbà tí ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n lóru, ó fẹsẹ̀ wá àkàbà nínú òkùnkùn, kò bá a. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Àwa méjèèjì dúpẹ́ pé kì í ṣe ìbàdí, torí egungun ìbàdí tó bá kán lè sọ àgbà di ẹni orí ìdùbúlẹ̀.

Ẹ gbọ́ o:

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kí ọmọ yín kọ̀wé sí họ́sítẹ̀lì náà pé bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ lẹ fẹ́, ní yàrá tó sún mọ́ ilé ìtọ̀. Kó bèèrè bóyá lífíìtì wà.

Ẹ bi dókítà yín bóyá ẹ lè máa lo oògùn títọ̀ yẹn láàárọ̀. Ẹ má fúnra yín yí i padà.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì kékeré sábẹ́ ìrọ̀rí, kẹ́ ẹ sì mú bàtà tí kì í yọ̀ dání. Tẹ́ ẹ bá jí lóru, ẹ kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí òòyì kọ́ yín.

Inú báàgì ọwọ́ ni kí oògùn yín wà, nínú páálí rẹ̀. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, kó bèèrè fìríìjì.

Ẹ má tijú. Abéèrè kì í ṣìnà. Kí Ọlọ́run mú yín lọ, kó sì mú yín bọ̀ láyọ̀.