Abẹ́ Ẹsẹ̀ Ni Ilé Fuzz

Ọwọ́ bàbá kan tó ti ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ jùjú láti ìgbà èwe rẹ̀ ni mo ti ra ẹ̀rọ fuzz mi, ní Mushin. Àpótí irin kékeré tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni, àwọn ará Japan ló ṣe é ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára ti parẹ́. Ohun méjì péré ló ṣeé yí lórí rẹ̀: ọ̀kan ń sọ bí ohùn yóò ṣe ròkè tó, èkejì ń sọ bí yóò ṣe há tó. Owó tí mo san kò tó owó bàtà gidi kan.

Ní ọdún tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń kó irú nǹkan wọ̀nyí jọ rí i lẹ́sẹ̀ mi lóde ìgbéyàwó kan. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ tà á fún mi,” ó sì dárúkọ owó tó lè ra gìtá tuntun méjì. Mo bi í pé ẹgbẹ́ wo ló ti ń ta gìtá. Ó ní òun kì í ta gìtá, inú àpótí onígíláàsì ni òun máa gbé e sí. Mo ní rárá. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú bíi tirẹ̀ lè mọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní àbùlà. Fuzz àtijọ́ olówó pọ́ọ́kú, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló ni ín. Ẹni tó bá rà á láti tì í mọ́ àpótí ń ṣe ibi sí orin, bó tilẹ̀ jẹ́ owó ara rẹ̀ ló fi rà á.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí à ń pè ní fuzz, kó rántí bí oyin ṣe ń kùn nínú afárá. Bí a bá ta okùn gìtá, ìgbì ohùn rẹ̀ a máa lọ sókè sódò, roboto bí orí òkè kéékèèké. Fuzz á gba ìgbì yìí, á sọ ọ́ di ńlá títí transistor inú rẹ̀ kò fi ní ibi tí yóò gbé e gbà mọ́. Orí ìgbì náà á wá di pẹlẹbẹ, bí ìgbà tí wọ́n fi àdá bẹ́ ẹ. Ibi pẹlẹbẹ yẹn ni ọ̀pọ̀ ohùn tí okùn náà kò ní tẹ́lẹ̀ ti ń jáde. Gìtá á há, á kùn, ohùn rẹ̀ á sì pẹ́ nílẹ̀ kó tó kú.

Nǹkan tó bàjẹ́ ló bí i. Ní Nashville, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Marty Robbins ń gba orin “Don't Worry” sílẹ̀, èyí tó jáde ní 1961, ojú ọ̀nà kan yọnu lára tábìlì tí wọ́n fi ń gba ohùn. Ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni gìtá bass Grady Martin ń gbà kọjá, ohùn rẹ̀ sì jáde bí ohùn ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Wọn kò pa á rẹ́. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, orin náà sì gbayì. Glenn Snoddy, ẹ̀njiníà tó ń gba ohùn lọ́jọ́ náà, wá fi transistor ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa mọ̀ọ́mọ̀ ba ohùn jẹ́ bẹ́ẹ̀, iléeṣẹ́ Gibson sì gbé e jáde ní 1962, wọ́n pè é ní Maestro Fuzz-Tone FZ-1. Ìpolówó rẹ̀ ni pé ó lè sọ gìtá di fèrè. Ọjà kò yá. Ìgbà tó di 1965, Keith Richards ti ẹgbẹ́ Rolling Stones lò ó nínú “Satisfaction”, ó sì rò pé òun kàn ń fi í di àyè mú de àwọn afunfèrè ni. Àwọn afunfèrè kò dé títí orin náà fi jáde. Ohùn tó ń di àyè mú ni gbogbo ayé gbọ́, ìgbà yẹn sì ni àwọn èèyàn sáré lọ ra Fuzz-Tone.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyẹn: àléébù kan, àti etí ẹni tó mọ̀ pé àléébù náà dùn.

Lọ́dún 1966, iléeṣẹ́ Arbiter gbé fuzz kan tó ń jẹ́ Fuzz Face jáde ní London. Ara rẹ̀ rí roboto nítorí pé ẹsẹ̀ igi makirofóònù ni wọ́n wò ṣe é. Ẹ tú u wò: transistor méjì, resistor mẹ́rin, capacitor mẹ́ta, àti méjì tí a ń yí. Mọ́kànlá péré. Atúnrédíò-ṣe èyíkéyìí ní ọjà Alábà lè kó gbogbo rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kan kó sì pa ọwọ́ náà dé. Jimi Hendrix ló sọ ọ́ di ohun tí ayé ń wárí fún, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yí padà. Ní Japan, iléeṣẹ́ Shin-ei ṣe fuzz oní-transistor méjì tó rọjú ju ìyẹn lọ, wọ́n ń fi oríṣiríṣi orúkọ tà á kiri. Irú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Jesus and Mary Chain láti Scotland tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún àwo Psychocandy ní 1985. Ohun tí ọmọ tí kò lówó lọ́wọ́ lè rà ni wọ́n ṣe, àwọn ọmọ tí kò lówó lọ́wọ́ ló sì fi í ṣe ohun tí ayé ń gbọ́ títí di òní.

Kò yàtọ̀ nílé wa. Ní 1973, àwọn ọmọ ilé-ìwé girama St. Gregory's ní Èkó, tí wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Ofege, gbé àwo Try and Love jáde. Ẹ gbọ́ gìtá inú rẹ̀, ẹ óò gbọ́ oyin tó ń kùn. Ní ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ BLO gbé àwo Chapter One jáde. Ní Zambia, ẹgbẹ́ WITCH àti Amanaz ń ta gìtá tó há bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970. Ká ní àwọn olówó ti kó gbogbo fuzz sínú gíláàsì nígbà yẹn, kí ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ìbá tẹ̀ mọ́lẹ̀?

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ariwo òyìnbó ni fuzz, pé gìtá Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní bíi ti King Sunny Adé. Mo fẹ́ràn gìtá tó mọ́, inú rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọrùn ìyá ìlù dùndún. Kí ni wọ́n so yí i ká? Ṣaworo. Awọ ti ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀, àwọn baba wa ṣì ní ó kù síbẹ̀, wọ́n wá so idẹ mọ́ ọn kí ohùn náà lè ní ìdí. Ìyá ìlù bàtá ń wọ ṣaworo títí di Cuba tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ. Ohùn tó ní nǹkan tó ń ró wàrà-wàrà lábẹ́ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá. Ṣaworo gìtá ni fuzz, ṣaworo kì í sì í ró nínú àpótí.

Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ nìkan ló mọ ohun tó ń kọ́ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi í ta kọ́ọ̀dù jùjú, gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ́. Fuzz kì í gba kí èèyàn da ohùn mẹ́rin márùn-ún lé e lórí lẹ́ẹ̀kan. Ohùn méjì tó bára mu, ó gbà. Ẹyọ kan, ó gbà á tayọ̀tayọ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá bí ẹni ń lu ìyá ìlù, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Bí ohùn ṣe ń pẹ́ nílẹ̀, mo lè fa okùn láti dò lọ sí mí, kí gìtá pe orúkọ èèyàn kí onítọ̀hún sì dáhùn. Gìtá mi tó mọ́ kò ṣe èyí rí, torí pé ohùn rẹ̀ ti ń kú kí n tó fà á débẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló gbà mí. Kò sí àpótí gíláàsì tó lè kọ́ èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ yìí.

Mo mọ ohun tí àwọn tó ń kó o jọ yóò sọ. Wọ́n á ní fuzz àtijọ́ ti ń tán lọ, àwọn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Irọ́ ni. Ọkọ́ tó ń roko ló ń dán, èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ ló ń dógùn-ún. Capacitor olómi inú rẹ̀ ń gbẹ, bí iná kò bá sì gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń yára bàjẹ́ ni. Ibi tí a ń yí, bí a kò bá yí i, á máa há gàràgàrà. Bátìrì tí wọ́n gbàgbé sínú rẹ̀ á yọ omi, omi náà á jẹ bàbà. Nígbà tí mo ra tèmi, bàbá náà ti fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnu bátìrì ti di àwọ̀ ewé. Atúnrédíò-ṣe kan ha á, ó pààrọ̀ capacitor kan, ó dá a padà fún mi kí wákàtí kan tó pé. Láti ọjọ́ náà, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò tíì kú.

Wọ́n á tún ní ohùn àtijọ́ kò ní àfiwé, òun ni àwọn ń san owó gọbọi lé lórí. Ohùn ta ni? Resistor ìgbà náà lè fi 10 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí iye tí wọ́n kọ sí i lára. Transistor tí wọ́n fi germanium ṣe tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: méjì tó jáde nínú páálí kan náà lè máà fọhùn bákan náà, bí oòrùn ọ̀sán Èkó bá sì mú un, ohùn rẹ̀ á tún yí padà. Èyí tó dára wà, èyí tí kò dára wà, ẹsẹ̀ àti etí nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí kò tẹ̀ ẹ́ kò mọ èyí tí òun rà.

Èyí tó kù ni èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù: “Owó mi ni.” Bẹ́ẹ̀ ni, owó yín ni, òfin wà lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹyọ kan tó bọ́ sínú gíláàsì ló ń gbé owó èyí tó kù lọ́jà sókè, títí ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ aláìní yóò fi di ohun tí ọmọ aláìní ń wò lójú fèrèsé. Àwọn àgbà ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́: ẹ̀bìtì tí kò peku, kó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Bí ẹ ò bá ní ta gìtá, ẹ dá fuzz padà fún àwọn tó ń ta á, ní owó tí apá wọn ká. Bí ilé ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bá fẹ́ ẹyọ kan láti fi han àrọ́mọdọ́mọ, kí wọ́n mú un. Ẹyọ kan tó.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan wà tó ń ta gìtá. Mo ń yá a ní fuzz mi lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n bá ń dánrawò. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó gbàgbé wáyà sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, bátìrì sì kú, torí wáyà tí a kì bọ̀ ọ́ ló ń tan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ó wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ojú ń tì í. Mo ní kó dìde. Mo ra bátìrì mìíràn lẹ́bàá ọ̀nà, mo kì í bọ̀ ọ́, mo sì ní kó ta èyí tó kọ́ fún mi gbọ́. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní ojú ibi tí bàbá Mushin ti tẹ̀ ẹ́ tí ọ̀dà fi bó, tí èmi náà ń tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ mi bá le, tirẹ̀ ni, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Mo ti sọ fún un pé àdéhùn kan péré ló wà níbẹ̀: ilẹ̀ ni kó máa gbé.